Tọ́kì Inú Fírísà Ẹ̀jẹ̀

N kì í jẹ tọ́kì mọ́. Ìyàwó mi rò pé ó máa ń run mí nínú ni. Kò sí inú rírun kankan níbẹ̀, ìtìjú ni.

Yàrá àyẹ̀wò kan ní Ibà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ilé ìwòsàn tó ṣe é ń fi ẹ̀jẹ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa fún ìwádìí. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, bí èyí tó wà lábẹ́ èèpo ẹyin. Tí wọ́n bá dá ọkàn dúró, tí ẹ̀rọ wá ń bá èèyàn gbé ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, awọ yẹn lè bó, ohun tó bó lára rẹ̀ á sì wọnú ẹ̀jẹ̀. Òun la fẹ́ wọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ náà: ṣáájú iṣẹ́ abẹ, nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, àti lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ju abẹ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda nítorí tèmi. Wọ́n ní kí n ṣáà sọ fáwọn bóyá ẹ̀rọ yẹn ṣe àwọn léṣe nínú. Mo ṣèlérí.

A kó omi tó lé sójú ẹ̀jẹ̀ wọn àti tàwọn aláìsàn yòókù sínú ike kéékèèké, a gbé e sínú fírísà tí a rà ní Àlàbá, ká fi dúró de kẹ́míkà tí a ó fi wọ̀n ọ́n. Níbi tí iná kì í ti í lọ, ẹ mọ̀ pé gbogbo èèyàn ló máa fẹ́ gbé oúnjẹ síbẹ̀. Ọ̀gá wa, àgbà obìnrin tó ń pè mí ní ọmọ òun, ló fi ẹja bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Kérésìmesì kù díẹ̀, wọ́n gbé páálí tọ́kì méjì dé. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe kó àwọn ike jáde, tí wọ́n tò wọ́n sínú fíríìjì tí à ń gbé omi mímu sí. Wọ́n ní ibi tó tutù, ibi tó tutù náà ni.

Mo mọ̀ pé tútù yẹn ò tó. Mo ti fẹ́ lanu, ni mo bá rántí pé àwọn ló máa fọwọ́ sí ìwé ìgbéga mi, àti pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ní Èkìtì kì í bá àgbà wí lójú èèyàn. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Wọ́n sì fún mi ní itan tọ́kì mẹ́ta nínú náílọ̀n. Mo gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Wọ́n dín in, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ṣàdúrà fún mi.

Nígbà tí a wọṣẹ́ padà lẹ́yìn ọdún, gbogbo ohun tó wà nínú àwọn ike náà ti bàjẹ́. Ọ̀gá kọ ọ́ sínú ìwé pé iná ló fà á. Àwọn àgbà máa ń ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, tẹ̀gbọ́n mi ló bá mi dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ńkọ́. Mo ní ó dáa, pé ẹ̀rọ ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Irọ́ burúkú!

Nígbà Àjíǹde, mo bá wọn nílé, ẹsẹ̀ wọn ti wú. Wọn ò lọ rí dókítà láti bí oṣù mẹ́ta. Mo béèrè ìdí rẹ̀.

"Ṣebí ìwọ lo ní ẹ̀jẹ̀ mi dáa."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn ò pariwo.

"Tọ́kì tí mo jẹ yẹn ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n dìde, wọ́n yọ káàdì ilé ìwòsàn wọn lábẹ́ Bíbélì, wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú. Mo ní kí n tẹ̀ lé wọn.

"Jókòó síbẹ̀, kí o máa bá mi ṣọ́ ilé," ni wọ́n wí. "Ìyẹn ò gba pé kéèyàn lanu."