Ilẹ̀kùn Tó Dúró De Ẹni Tó Ń Kúnlẹ̀

Iṣẹ́ ilẹ̀kùn ni mo ń ṣe ní Koumassi, àdúgbò kan ní ilẹ̀ elédè Faransé. Ti irin, ti alumíníọ̀mù, ti igi pàápàá bí ọjà kò bá tà. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, kó sọ pé ilẹ̀kùn tí mo kàn ń dún. Mo lè fara da èébú sí imú mi, mo lè fara da èébú sí orí mi tó ti pá, àmọ́ ilẹ̀kùn mi kì í dún. Ìdí nìyẹn tó fi dùn mí dọ́kàn pé ilẹ̀kùn tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe fún ìyá tó bí mi ló fẹ́ da àárín ilé wa rú.

Màámi ti dàgbà, orúnkún wọn kò sì gbé wọn mọ́. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni wọ́n ti ń gbé yàrá kan tó dojú kọ àgbàlá, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ìdílé púpọ̀ ló jọ ń lo àgbàlá náà. Aládùúgbò wa kan máa ń yan ẹja níbẹ̀ láàárọ̀, èèyàn dáadáa ni, ẹja rẹ̀ sì dùn, àmọ́ èéfín rẹ̀ kì í béèrè àyè kó tó wọlé. Àyà Màámi kò gba èéfín rárá. Ó ti gbé wọn dé ọsibítù rí, dókítà sì wò wá lójú, ó ní, "La porte, il faut fermer," kí a máa ti ilẹ̀kùn. Ta ni yóò máa tì í? Àwọn ọmọ ọmọ wọn á wọlé, wọ́n á jáde, wọ́n á fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Bí mo bá pariwo, wọ́n á ní, "Pardon, Tonton," wọ́n á tún fi í sílẹ̀.

Mo bá ní kí n fi ẹ̀rọ rọ́pò ariwo. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n máa ń kàn sí òkè ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ní Plateau. Gúrúùmù ni àwa oníṣẹ́ ń pè é níbí. Sípíríngì àti òróró ló wà nínú rẹ̀: bí o bá ṣí ilẹ̀kùn tí o sì jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò rọra fà á padà títí yóò fi tì. Mo rí àlòkù kan rà ní Abobo Gare, mo tú u, mo fọ̀ ọ́, mo pààrọ̀ òróró inú rẹ̀, mo kàn án. Ó ṣiṣẹ́! Èéfín dúró síta. Màámi sùn lọ́sàn-án láìwúkọ́, èmi náà sì ń gbé àyà káàkiri bí àkùkọ. Ìdùnnú yẹn kò ju ọjọ́ Jímọ̀ lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ Ìyá Kékeré, ìyẹn ìyàwó tí bàbá mi fẹ́ tẹ̀ lé Màámi. Nígbà tí gbogbo wa jọ wà ní Treichville, àárín àwọn méjèèjì kò gún. A kì í sábà gbọ́ ìjà, ìkòkò àti ìdérí ìkòkò ló máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní ilé ìdáná. Ikú bàbá ló parí ẹ̀. Ìyá Kékeré kó lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Attécoubé, mo sì rò pé ó tán nìyẹn. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Jímọ̀ kan tí a rí i tó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá nínú fúláàsì, àti àkàrà. Láti ìgbà náà, kò pa ọjọ́ Jímọ̀ kan jẹ. Wọ́n á jókòó, wọ́n á ṣàdúrà fún ọkọ wọn, wọ́n á wá bú u díẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ mìíràn, à ń bẹ Màámi kí wọ́n tó jẹun. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á fi ìka nu inú abọ́.

Ẹni tí wọ́n tọ́ ní ilé wa mọ̀ pé ìyàwó kì í ṣàdédé wọ yàrá ìyáalé. Ẹnu ọ̀nà ni yóò ti kúnlẹ̀. Kíkí náà kì í sì í ṣe "bonjour" lásán. Yóò béèrè oorun, yóò béèrè orúnkún, yóò béèrè àyà, yóò wá kan ọmọ àti ọmọ ọmọ, ìyáalé yóò sì máa dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan gúrúùmù, ẹni tó ń kọjá ló ní lọ́kàn: ṣí i, kọjá, ó parí. Òun kò mọ̀ wá, mi ò lè bá a wí. Èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo dọ̀bálẹ̀ títí àyà mi fi mọ gbogbo sìmẹ́ńtì Treichville, ni kò rántí pé àwa kì í kọjá lẹ́nu ọ̀nà, àwa máa ń dúró síbẹ̀ ni.

Mo wà nínú yàrá náà lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Ìyá Kékeré fi ìbàdí ti ilẹ̀kùn nítorí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí. Kò tíì béèrè orúnkún tí ilẹ̀kùn fi rọra ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbá a léjìká. Fúláàsì bọ́, ẹ̀kọ dà sórí ẹní, àkàrà yí lọ sábẹ́ ibùsùn. Màámi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí èèyàn máa ń rín bí ẹnìkan bá fẹsẹ̀ kọ ni, kó tó wo ojú onítọ̀hún. Nígbà tí wọ́n fi máa wo ojú rẹ̀, Ìyá Kékeré ti dìde. Ó gbọn ìró rẹ̀, ó nu ilẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ní "Ó dàbọ̀, mà," ó sì lọ.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò wá. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, kò wá. Màámi wọ aṣọ tó dáa, wọ́n yí àga sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n jókòó. Mo gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n ní àwọn ti yó. Mo ní kí n pè é lórí fóònù, wọ́n ní ìyàwó ló ń wá kí ìyáalé, kì í ṣe ìyáalé ló ń wá ìyàwó. Ìgbéraga àgbà! Ojú wọn sì ń rù.

Lọ́jọ́ kan Màámi na ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn sí òkè ilẹ̀kùn. "Tú nǹkan yẹn kúrò."

Mo tú u. Kó tó di ọ̀sán, èéfín ti wọlé, wọ́n wúkọ́ títí tí mo fi tún un kàn kíá. Mo gbé òkúta ti ilẹ̀kùn kó lè máa wà ní ṣíṣí nígbà tí àlejò bá wá, mo sì fi ìka ẹsẹ̀ ara mi gbá a. Mo kan ìkọ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri, àmọ́ ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ tú u, ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀? Inú bí mi sí òkúta, sí ìkọ́, sí gbogbo ayé. Mo wá rí i pé èmi ni mo ní láti lọ bẹ Ìyá Kékeré.

Mo ń pààrọ̀ wôrô-wôrô, takisí alájọwọ̀, títí mo fi dé Attécoubé. Mo bá a níwájú ilé tó ń ṣa ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà. Wọ́n ń retí yín."

"Ilẹ̀kùn wọn ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀rọ ni, Ìyá Kékeré. Ẹ̀rọ ò mọ èèyàn. C'est moi qui ai mis ça, èmi ni mo kàn án, èmi ni kí ẹ bá wí."

Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

"Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n mú mi wọlé bàbá ẹ," ó ní, "mo gbé omi lọ́wọ́ọ́rọ́ lọ fún ìyá ẹ kí wọ́n fi wẹ̀. Ilẹ̀kùn wọn wà ní títì. Mo kúnlẹ̀ síta, mo kí wọn. Mo kí wọn, mo kí wọn, títí omi fi tutù. Wọn ò dáhùn. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní oorun ló gbé àwọn lọ. Mo ní kò burú. Ọmọ kékeré ni mí nígbà yẹn, ta ni mo fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn? Mo ti rò pé mo gbàgbé ẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀kùn gbá mi tí wọ́n wá rẹ́rìn-ín, orúnkún mi rántí."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, àánú Màámi náà ṣe mí, nítorí mo mọ ohun tó wà lọ́kàn obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ẹlòmíràn wọlé. Mo kàn ní, "Màá tún un ṣe, mà."

Ó wò mí, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣe èyí tó máa dúró kí èèyàn kí tán. Tó bá dúró, màá wá."

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ti gbogbo iṣẹ́ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kò ṣòro láti sọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún gbọ́dọ̀ lè fi ìbàdí ṣí i. Bí o bá kàn ṣí i díẹ̀ kọjá, kó padà tì bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn ọmọ. Àmọ́ bí o bá ṣí i dé òpin, kó dúró. Ẹni tó bá sì fẹ́ tì í kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ na ọwọ́ sókè, Màámi gbọdọ̀ lè ṣe é lórí àga wọn.

Mo fi fáìlì tí a fi ń ha irin gé kòtò kékeré kan sí ara apá irin tí gúrúùmù fi ń fa ilẹ̀kùn. Mo wá fi sípíríngì ti béárììn kékeré kan, bọ́ọ̀lù irin tó máa ń yí, mọ́ ọn, tó jẹ́ pé bí ilẹ̀kùn bá ṣí dé òpin, béárììn náà á já sínú kòtò, á dì í mú. Bí o bá wá fa ilẹ̀kùn díẹ̀, béárììn á fò jáde, gúrúùmù á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Sípíríngì àkọ́kọ́ le jù, èmi gan-an làágùn kí béárììn tó jáde. Èkejì rọ̀ jù, atẹ́gùn ọ̀sà kàn fẹ́ yẹ́ẹ́, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gé kòtò jinlẹ̀, mo gé e jù, mo ju irin yẹn nù, mo bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nígbà tí mo gbé e dé ilé, mo fún Màámi ní ọ̀pá wọn. Wọ́n fi orí ọ̀pá tó tẹ̀ kọ́rọ́ kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fà á, ó wá. Wọ́n ṣe é léraléra, wọ́n ń ṣe é bí ọmọ tó rí ohun ìṣeré. Mi ò sọ fún wọn ohun tí mo gbọ́ ní Attécoubé.

Mo ránṣẹ́ sí Ìyá Kékeré. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó dé.

Ó fi ìbàdí ti ilẹ̀kùn títí dé òpin. Béárììn já sínú kòtò, kẹ́ẹ́, ilẹ̀kùn dúró. Ìyá Kékeré kò kúnlẹ̀. Ó dúró pẹ̀lú fúláàsì rẹ̀, ó yí ojú padà, ó ń wo ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń wo ajá tó ti gé e jẹ rí. Ilẹ̀kùn kò mira. Lẹ́yìn náà, ó rọra kúnlẹ̀, orúnkún kan, ìkejì.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyáalé mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Mo dúpẹ́, ìyàwó."

Ó béèrè orúnkún. Ó béèrè àyà. Ó béèrè ọmọ, ó béèrè ọmọ ọmọ, ó tún kí wọn kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń fà á gùn ni. Ilẹ̀kùn dúró. Nígbà tó kí tán, Màámi ní kó wọlé, kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn. Wọ́n wá wo èmi tí mo ń rẹ́rìn-ín lásán.

"Ìwọ, jáde."

Mo jáde. Wọ́n na ọ̀pá, wọ́n kọ́ ilẹ̀kùn, ó sì rọra tì, àwọn méjèèjì wà nínú. Ó yẹ kí n máa lọ, àmọ́ mi ò lọ. Mo wá gbọ́ ohùn Màámi, ó rẹlẹ̀.

"Ìyàwó. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ní Treichville, mi ò sùn. Mo gbọ́ ohùn ẹ."

"Mo mọ̀, Ìyáalé mi," ni Ìyá Kékeré wí. "Ẹ mu ẹ̀kọ yín, kó má tutù."