Fìlà Tí Mo Yá Làmídì ní Ìgbòho

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fẹ̀yìn ti nǹkan, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Ìgbòho, láìpẹ́ sígbà tí a pa owó pọ́n-ùn tì, tí a bọ́ sí náírà.

Ìdí òfì kan náà ní Ìṣẹ́yìn ni èmi àti Làmídì ọ̀rẹ́ mi ti kọ́ṣẹ́ aṣọ híhun, kó tó lọ sí Jámánì. Nígbà tó máa dé, bọ́ọ̀sì tó gbé wálé, ilé ni! Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà, kọ́tìnnì wà lójú fèrèsé. Ó ní ká jọ rìn káàkiri Òkè-Ògùn, kí òun fojú rí àwọn ìlú àtijọ́ wa. Ta ni yóò kọ irú ìyẹn?

A gba Tẹ̀dé, a sùn sínú bọ́ọ̀sì wa ní Àgọ́-Àrẹ. Àwọn obìnrin tó ń lọ sóko láàárọ̀ yọjú wò wá, wọ́n ní ṣé ìyàwó lé wa jáde nílé ni. A rẹ́rìn-ín títí.

Lójú ọ̀nà ni mo ti sọ̀rọ̀ Táíwò fún un. Ìbejì ni mí, èmi ni Kẹ́hìndé. Ìkejì mi kú kó tó hu eyín, wọ́n sì gbẹ́ ère rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi ti Mẹ́kà dé, ó ní kí wọ́n sun ère náà. Ìyá Sàfú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló fi aṣọ wé e, tó gbé e sá lọ sí Ìgbòho.

Làmídì bi mí bóyá ìyá lè gbé e fún wa wò. Mo ní kò jẹ́ fi lé àlejò lọ́wọ́ láé, àfi tó bá rí àmì láti ọ̀dọ̀ mi. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe nílé wa: ẹni tí a bá rán níṣẹ́ pàtàkì gbọ́dọ̀ mú nǹkan wa kan dání, kí wọ́n lè gbà á gbọ́. Ẹnu èmi yìí náà ló sọ ọ́ o!

A dé Ìgbòho, a kí Ìyá Sàfú, ó fún wa ní fùrá mu. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ọwọ́ ló fi ń dá èèyàn mọ̀. Bàbá àgbà kan nínú agbo ilé wá mú wa lọ wo yàrà àtijọ́ tó yí ìlú ká, àti ẹ̀gbẹ́ igbó tí wọ́n sin àwọn Aláàfin sí, nígbà tí Ìgbòho ń ṣe olú-ìlú Ọ̀yọ́. Bàbá ń pìtàn, èmi ń gbè é. Ṣé ẹ mọ̀ mí, bí ìtàn bá dùn, òjò lè rọ̀ kó dá, mi ò ní mọ̀.

Làmídì ní oòrùn ń pa òun lórí, òun fẹ́ lọ mu omi nílé. Mo bá ṣí fìlà ẹtù orí mi, mo dé e sí i lórí. Ìyá Sàfú ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán fìlà náà fún mi.

Ìgbà tí mo fi máa kúrò nídìí ìtàn, ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ti ń dún lẹ́nu ọ̀nà. Làmídì ní òun ń gba Kìṣí lọ sí Ìlọrin, kí n wọ mọ́tò padà sílé. Ó dá fìlà mi padà sí mi lórí, ó sì dì mọ́ mi. Ó dì mọ́ mi, ẹ gbọ́ o.

Mo wọlé lọ dágbére fún ìyá.

"Kẹ́hìndé, ṣé ẹ wé e dáadáa? Òtútù ò bá a lára mu."

"Ta ni, Ìyá?"

"Táíwò rẹ ni. Ọ̀rẹ́ rẹ ní o fẹ́ mú un lọ sílé. Mo ní àmì dà, ó fi fìlà rẹ lé mi lọ́wọ́. Mo fọwọ́ wá ojú abẹ́rẹ́ mi lára rẹ̀, mo bá a níbẹ̀, mo sì dá fìlà padà fún un."

Mo sáré dé títì. Eruku nìkan ni mo bá.

A máa ń gbọ́ pé òyìnbó ń fowó ńlá ra ère ìbejì, ṣùgbọ́n ṣé òyìnbó ló rẹ́ mi jẹ ni? Kí ni òyìnbó mọ̀ nípa fìlà tí a fi ń ṣe àmì? Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló fi gbà wọlé.

Mo padà lọ sọ òótọ́ fún ìyá. Kò sunkún. Ó ní kí n tẹ orí ba. Ó ṣí fìlà náà kúrò lórí mi, ó fọwọ́ wá àpótí kékeré tí Táíwò ń jókòó lé, ó sì gbé fìlà sí i.

"Jẹ́ kó bá a di àyè rẹ̀ mú," ló wí.

Làmídì kò padà wá. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti dé fìlà mọ́.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ohun tí ọ̀rẹ́ kò bá nílò láti mọ̀, ẹ jẹ́ kó sùn sínú yín. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ fún ní fìlà yín rí, tó fi ṣí ilẹ̀kùn ilé yín? Ẹ sọ tiyín, mo ti fìdí kalẹ̀ láti gbọ́.