Oko Ọ̀gá Ilé-Ìwé

Bí kòkó bá ti wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ọjọ́ mẹ́ta, òórùn rẹ̀ a máa dà bí ẹmu tó ti kan. Àwọn ará Ìdànrè fẹ́ràn òórùn náà, nítorí owó ló ń rùn sí wọn nímú. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ nígbà kan. Lónìí, bí mo bá ti gbọ́ ọ, itọ́ a kún mi lẹ́nu, màá sì tu ú dànù. Jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á fún ọ.

Ìgbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbé mi lọ síbẹ̀, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tí bàtà rẹ̀ ṣì ń dán. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọ abúlé oko kiri, kí n máa bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún ilé-ìwé. Bàbá kan wà lọ́nà Owena, tó ti ìlú òkèèrè wá bá onílẹ̀ tọ́jú kòkó kí wọ́n lè jọ pín in. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ń bá a fọ́ kòkó, òun náà ló ń se oúnjẹ. Mo kọ orúkọ rẹ̀ han ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí n tó mu omi tán, ó ti fi èédú kọ ọ́ sára ògiri. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ bẹ bàbá yìí. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo ṣèlérí fún un pé, "Bàbá, ìwé nìkan ni yóò máa kà. Kò ní fọwọ́ kan àdá mọ́." Ó wo ọmọ náà títí, ó ní kó máa lọ sí ilé-ìwé.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo yà sí ilé-ìwé náà láìsọ tẹ́lẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀, kíláàsì ṣófo. Tíṣà kan ṣoṣo ló jókòó, ó ń bó ẹ̀gúsí. Rẹ́jísítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti máàkì gbogbo ọmọ pé wọ́n wá. "Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́," ló wí, ó fi àgbọ̀n júwe ọ̀nà ẹ̀yìn àpáta.

Òórùn yẹn ni mo tẹ̀ lé dé oko ọ̀gá ilé-ìwé. Àwọn ọmọ jókòó yí òkìtì kòkó ká, yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, omi kòkó ti gbẹ mọ́ wọn láṣọ, eṣinṣin bò wọ́n lẹ́nu. Ọmọbìnrin bàbá ọ̀nà Owena wà láàárín wọn, àdá lọ́wọ́ ọ̀tún, àkísà tí ẹ̀jẹ̀ rin lọ́wọ́ òsì. Ọ̀gá wọn ń mu ọsàn lábẹ́ igi. "Madam, ẹ káàbọ̀," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú sílábọ́ọ̀sì." Ó sì na ọsàn kan sí mi! Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Mi ò gba ọsàn náà; itọ́ ni mo tu sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá náà mú ọmọ rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi. Kò pariwo, ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. "Àǹtí," ó ní, "bó bá jẹ́ oko lẹ ń kọ́ ọ, èmi náà ní oko. Nínú tèmi, ó máa jẹun." Ọmọ náà kò wò mí. Wọ́n lọ.

Mo kọ̀wé ẹ̀sùn. Ọ̀gá tèmi kà á, ó ká a, ó fi í sábẹ́ ife tíì rẹ̀. "Alàgbà ìjọ wa ni ọ̀gá ilé-ìwé yẹn. Ṣé o fẹ́ ba àgbàlagbà jẹ́ ni?" Ó wá ti fọ́ọ̀mù kan sí mi, ti àwọn ọmọ tó fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ti kọ orúkọ ọmọ náà àti ìdí rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tó dọ́gba: òbí kò mọyì ẹ̀kọ́. Ó ku kí wẹ́fíà buwọ́ lù ú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ni, ìyá mi àti àbúrò mẹ́ta ń wojú mi. Mo buwọ́ lù ú.

Èmi náà ti di ẹni tí wọ́n ń pè sí ìpàdé báyìí. Wọn á ní ẹ̀kọ́ ló ń gbé ìlú ga, òótọ́ sì ni. Wọn á wá ní àwọn àgbẹ̀ ló ń fa ìlú sẹ́yìn, pé wọn ò mọyì rẹ̀, pé ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé á mi orí. Èmi kì í lè gbé tèmi sókè, nítorí mo mọ ọ̀kan nínú àwọn àkọsílẹ̀ náà. Irọ́ ni, orúkọ mi ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.