Nígbà Tó Bá Rọ̀ Yín Lọ́rùn

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Surulere, níbi tí a ti ń rán aṣọ fún àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dọ́ méjì ló ń bá mi ṣiṣẹ́, pẹ̀lú màmá kan tó tó bí mi lọ́mọ, tí wọ́n máa ń ṣẹ́tí aṣọ, tí wọ́n sì máa ń rán ojú bọ́tìnnì. Ọwọ́ wọn mọ́. "Mọ́mì" ni mo ń pè wọ́n. "Ọmọ mi" ni wọ́n ń pè mí. Láràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ kí wọn. Ọ̀gá tó ń kúnlẹ̀ fún òṣìṣẹ́, èmi nìyẹn.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá ọkọ wọn wó, àwọn ọ̀dọ́ yẹn ló sọ fún mi. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé. Ọjọ́ mìíràn, oòrùn á ti ga kí wọ́n tó yọjú. Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni màá fi sọ fún àgbàlagbà pé iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n? Ni mo bá jókòó, mo kọ àdéhùn iṣẹ́ tuntun. Mo dá aago tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa dé fún àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì. Fún màmá, mo kọ ọ́ pé: "Ẹ lè wá nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Iye iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe ni a ó san owó rẹ̀." Mo kà á, mo tún un kà, orí mi wú. Ọ̀gá wo ló tún láàánú tó báyìí ní gbogbo Surulere?

Màmá gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n kà á. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ ṣeun, mà."

Èmi tí wọ́n ń pè lọ́mọ! Mo gbọ́ ọ, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọn ò wá lọ́jọ́ kejì, wọn ò sì wá títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Mo sọ fún àwọn ọ̀dọ́ yẹn pé màmá ń gbádùn àdéhùn tuntun ni.

Ní Sátidé, ìyá mi gbéra láti Èbúté Mẹ́ta wá sílé mi, màmá sì tẹ̀lé wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n jọ ń lọ. Kí n tó sọ pé ẹ káàbọ̀, màmá ti ń kúnlẹ̀ fún mi. Mo fò sókè, mo gbá wọn mú.

"Jẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀," ìyá mi sọ. "Ṣebí ìwọ lọ̀gá. Mo wá bá wọn bẹ̀ ẹ́ ni, jọ̀ọ́, má lé wọn."

"Mi ò lé wọn o! Mo ní kí wọ́n máa wá nígbà tó bá rọrùn ni, kí wọ́n lè tọ́jú Dádì."

Màmá ò wojú mi. "Ẹni téèyàn bá ń retí lèèyàn ń dá aago fún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n máa lọ, ẹ ò bá kúkú sọ fún mi."

Ojú tì mí. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Nígbà tí wọ́n ń pẹ́ dé, mi ò láyà láti bá wọn sọ̀rọ̀, ni mo bá pe ojo mi ní àánú, mo sì kọ ọ́ sórí bébà.

Mo mú bébà mìíràn. Mo bi màmá pé aago mélòó ló bá wọn lára mu. Wọ́n ní mọ́kànlá, nígbà tí àbúrò ọkọ wọn bá ti dé láti jókòó tì í. Mo kọ ọ́. Mo dá owó oṣù wọn padà síbẹ̀. Mo béèrè bóyá ó ku nǹkan mìíràn.

"Ó ku ọ̀kan, ọmọ mi," wọ́n sọ. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí aago mọ́kànlá bá kọjá, tó ò bá rí mi, kó o pè mí, kó o bi mí pé kí ló dé."

Mo kọ ọ́. Láti ọjọ́ tí ọkọ wọn ti ṣubú, mi ò tíì bi wọ́n bẹ́ẹ̀ rí.