Ọkọ́ Onílà Mẹ́ta Ilé Wa

Mo ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé wa ní Ṣakí lásìkò ọyẹ́ tó kọjá nígbà tí òórùn èédú tó ń jó gbá mi nímú, ìró òòlù lórí irin sì tẹ̀ lé e. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ti pẹ́ gan-an tí àgbẹ̀dẹ ilé wa ti di ibùsùn ewúrẹ́. Mo sáré débẹ̀, bí ẹsẹ̀ mi ṣe lè sáré mọ, mo sì bá Sẹmíátù, ọmọ olóògbé àbúrò mi, nídìí iná pẹ̀lú alágbẹ̀dẹ àgbàlagbà kan tó mú wá láti Àgọ́-Àmọ́dù.

Sẹmíátù fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ nítorí ọkọ́. Ó ní òun fẹ́ kí Onílà Mẹ́ta, ọkọ́ tí bàbá bàbá mi fi gbajúmọ̀ ní Òkè-Ògùn, padà sọ́jà. Ó ti gbé fọ́tò èyí tí wọ́n rọ sórí fóònù, àwọn àgbẹ̀ sì ti ń béèrè. Ohun kan ṣoṣo ló kù, òǹtẹ̀ irin tí wọ́n fi ń lu ilà mẹ́ta náà sọ́rùn ọkọ́, ìyẹn sì wà nísàlẹ̀ àpótí mi.

"Ìyá Ráfíù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún mi kí n lù wọ́n kí òjò tó dé," ó ní. "Láìsí ilà yẹn, ta ló máa dá mi lóhùn?"

Mo ní kó jókòó ná.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ò mọ ojú tí ọkọ́ ń rí kó tó gba ilà yẹn nígbà èwe mi. Bàbá Àgbà kì í lù ú sára ọkọ́ tuntun. Bí àgbẹ̀ bá ra ọkọ́, láìlámì ló máa gbé e lọ. Ó di ìgbà tó bá fi kọ ebè ọdún yẹn tán kó tó gbé e padà wá. Bàbá Àgbà á wá wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó jẹ dọ́gba, á fi èékánná ta á, á sì dẹ etí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á lu ilà. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á gbà á padà, á rọ òmíràn dípò rẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Ìpàpó tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n lu ilà sí tirẹ̀ ló gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, ọkọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì fi ń roko títí ẹ̀gbọ́n fi gbaná jẹ.

Àmúdá ni ọ̀rẹ́ mi nígbà náà, inú abọ́ kan náà la ti ń jẹun. Bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ́, ojú sì ń ti Àmúdá pé ti bàbá àwọn ẹgbẹ́ wa nílà, ti bàbá òun kò ní. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan tí Bàbá Àgbà lọ kírun, a gbé ọkọ́ náà síná. Àmúdá ń fi ẹwìrì finná, èmi lu òǹtẹ̀. Ilà náà wọ́, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni. A rì í bọ omi bí a ṣe ń rí i tí àwọn àgbà ń ṣe, ó dún ṣàà, a bú sẹ́rìn-ín. A ò mọ̀ pé irin tí wọ́n bá tún dáná sí lọ́nà yẹn, tí wọ́n sì rì bọ omi lójijì, á le gbagidi, òkúta àkọ́kọ́ tó bá kàn ló sì máa kán sí.

Bàbá Àmúdá rí ilà, ó rò pé Bàbá Àgbà ṣojúure fún òun ni. Ó fi ọkọ́ rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ nílé, ọ̀kan ṣoṣo yẹn ló gbé lọ sóko lọ́nà Ìwéré-Ilé. Orí ilẹ̀ yangí ni ọrùn rẹ̀ ti kán, nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an. Kó tó fẹsẹ̀ rìn wálé, kó tó padà, àkókò ti lọ. Iṣu wọn lọ́dún yẹn kò ju ọrùn ọwọ́ mi lọ.

Bàbá Àgbà kò nà mí. Ó wo àwọn ilà wíwọ́ yẹn títí, ó ní, "Ẹnu mi lo fi purọ́." Ó wá gbé ọkọ́ tirẹ̀, tòun ti ogbó, ó lọ bá bàbá Àmúdá kọ ebè fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Èmi ni mo ń pọnmi fún wọn, ojú sì tì mí débi pé n kò lè wo Àmúdá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó lọ sóko pátápátá, n kò sì rí i mọ́.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún Sẹmíátù. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ní sùúrù yẹn mọ́, Ìyá Ráfíù." Mo ní ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n n kò ní fi ẹnu Bàbá Àgbà purọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi yà kí mi. Lọ́jọ́ kẹrin, ó kọ ọ́ sórí fóònù pé kí wọ́n ra ọkọ́ láìsí ilà, kí wọ́n fi kọ ebè, kí wọ́n sì gbé e padà wá gba ilà. Díẹ̀ ló tà. Ó rù, èmi náà ò sì gbádùn oúnjẹ mọ́, torí mo rò pé mo ti ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n kọ ebè tán, ọlọ́kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó tú ọkọ́ kan sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà. Ọ̀kan lára àwọn tí Sẹmíátù tà ni, yẹ̀pẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì jẹ dọ́gba.

"Màmá kan tí wọ́n ń jẹ́ Àmúdá ló rán mi láti Ìwéré-Ilé," ó ní. "Wọ́n ní kí ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó lù ú, kí ẹ má sì rì í bọ omi o."

Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Ẹ̀rọ oníná ti gba iṣẹ́ ẹwìrì, orí fóònù ni ọjà wà báyìí, àwọn tó ń tò lẹ́nu àgbẹ̀dẹ wa ti lọ tán. Ṣùgbọ́n yangí Ìwéré-Ilé ṣì ń jẹ ẹnu ọkọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́ láyé Bàbá Àgbà, ọ̀rẹ́ mi sì wà láàyè. Mo fi èékánná ta ọkọ́ náà, mo dẹtí sí i. Mo wá lọ ṣí àpótí, mo gbé òǹtẹ̀ lé Sẹmíátù lọ́wọ́, mo ní kó rọra lù ú, kó má wọ́.