Inú Tó Ń Dà Mí Láàmú Nílé Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọdún tí mo ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Igolo, ilé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ifangni, ní orílẹ̀-èdè Benin níhìn-ín, ni mò ń gbé. Mo ti lé ní ogún ọdún. Ìgbà yẹn ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú. Bí mo bá ti jẹun tán, inú mi á wú, á máa kùn, á sì máa lọ́ mi. Nígbà mìíràn mo máa ń yàgbẹ́ gbuuru, nígbà mìíràn n kò ní rí ìgbẹ́ yà rárá. Mo wá ìdí rẹ̀ lórí fóònù. Gbogbo ohun tí mo kà ló ń já sí jẹjẹrẹ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo fi ata sílẹ̀, mo fi gàrí sílẹ̀. Nígbà tó yá, n kò jẹun alẹ́ mọ́. Mo ń purọ́ pé mo ti jẹun níbi iṣẹ́.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tí mò ń pè ní Tàntí, ló ń se oúnjẹ ilé. Ó ń rí i bí àwo mi ṣe ń padà wọlé tòun ti oúnjẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ẹ̀kọ akàsà àti ọbẹ̀ ẹja síwájú mi, ó jókòó, ó bu òkèlè, ó gbé e mì lójú mi.

"Ọkọ mi, ṣé ẹ rí i pé mo jẹ ẹ́?"

"Tàntí, kí ló dé?"

"Ẹ ò jẹ oúnjẹ mi mọ́, ẹ sì ń rù. Ó dáa, kí lẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn máa rò nípa mi?"

Ó rò pé mo fura sí òun, pé òun ń fi nǹkan sí oúnjẹ mi. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ tó ń tì mí lójú. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Ó dáa. A máa lọ lọ́la."

Àwa méjèèjì la jókòó sẹ́yìn zẹ́mì kan, ọ̀kadà akérò, lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tẹ ikùn mi, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìgbẹ́. Nígbà tí a padà lọ gba èsì, ó ní kò sí aràn, kò sí egbò, kò sí nǹkan kan. Inú mi kò dùn. Orúkọ àìsàn náà ni mo fẹ́ gbọ́. Tàntí ní tirẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Láti ìgbà náà, ó ń se ọbẹ̀ tèmi lọ́tọ̀, láìfi ata sí i. Inú rírun náà ń dín kù díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Títí di òní, n kò mọ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò kan bá ti béèrè ìdí tí mo fi rù, Tàntí kì í jẹ́ kí n fèsì.

"Dókítà ti yẹ ọkọ mi wò o," ni yóò wí, tí yóò gbóhùn sókè. "Wọn ò rí nǹkan kan!"