Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Onígò ti Ramanou Aránfìlà

Ohun tó bá ti bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, Ramanou aránfìlà a máa rò pé òun ló bọ́ sí lọ́wọ́. Okùn tó já, igbá tó fọ́, ẹní tó ti gbó, gbogbo rẹ̀ ló ń kó wálé, tí yóò sì sọ fún Silifatou, ìyàwó rẹ̀, pé, "Má fọwọ́ kàn án, ó ní iṣẹ́ tí yóò ṣe." Ogún ọdún rèé tí wọ́n ti ń gbé pọ̀ ní àdúgbò Dowa, ní ìlú Àjàṣẹ́, Silifatou kò sì tíì rí iṣẹ́ náà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé wọn ni Ramanou ti ń rán fìlà. Ibẹ̀ kò fẹ̀ rárá. Bí oníbàárà kan bá jókòó, tí òun náà sì na ẹsẹ̀, ẹnì kẹta ní láti dúró sínú oòrùn. Òjò ti jẹ etí ilẹ̀ rẹ̀ wómúwómú, ewúrẹ́ àdúgbò sì ti sọ ọ́ di ibùsùn. Èyí kò dun Ramanou rí, àfi ní ọdún kejì tí àwọn Faransé tún padà wá ta àsíá wọn sétí ọ̀sà, nígbà tí Àgùdà kan, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ti ilẹ̀ Bùràsíìlì dé, kọ́ ilé sí ọ̀kánkán rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Àgùdà náà ní òpó onígi tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí lára, wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ojú ọ̀run. Láti ọjọ́ náà, àwọn tó bá wá wọn orí lọ́dọ̀ Ramanou a kọ ẹ̀yìn sí i, wọn a máa wo òdìkejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọn orí ọkùnrin kan, nítorí ọrùn onítọ̀hún kò yé yí.

"Èmi náà yóò ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lọ́ṣọ̀ọ́," ló wí nídìí oúnjẹ ọ̀sán.

Silifatou bi í pé, "Kí ni o fẹ́ fi ṣe é?"

"Ohun tí kò ní ná wa ní nǹkan kan."

"Hẹ̀n," ni Silifatou wí. "Mo mọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó po amọ̀, ó fi dí ibi tí òjò jẹ. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kan tó ti sán jáde, ó gbin efínrín sínú rẹ̀ kí ẹ̀fọn má bàa sún mọ́ ibẹ̀. Ó so ògbólógbòó ẹní kan rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má bàa gún oníbàárà lójú. Silifatou fúnra rẹ̀ jáde wá wò ó, ó ní, "Ó mà dára o, bàbá Saïbou." Ká ní Ramanou dúró níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n ìyìn a máa pa ènìyàn bí ọtí.

Òkìtì ìgò kan wà lẹ́yìn ilé ìṣòwò òyìnbó kan létí ọ̀sà: ìgò ọtí líle, onígun mẹ́rin, aláwọ̀ ewé, irú èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé Àjàṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta mọ̀ láti òkèèrè. Mùsùlùmí ọmọ mùsùlùmí ni Ramanou, kò fi ọtí kan ẹnu rí. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi rí ọtí níbẹ̀. Àwọ̀ ló rí. Ó gbé ìgò kan sókè sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé bọ́ sí i lápá, inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé tó mú ẹyẹ.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ru agbọ̀n ìgò la ọjà kọjá, ní ọ̀sán gangan, tó ń kí ènìyàn lọ́tùn-ún lósì. Ó rì wọ́n sínú amọ̀ tútù yí etí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká, ọrùn nísàlẹ̀, ìdí lókè, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì. Ó ta okùn kí ìlà náà lè tọ́. Nígbà tí oòrùn yọ sí i láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ ń tàn yòò. Àgùdà gbẹ́nàgbẹ́nà pàápàá jáde síta, ó ṣí fìlà rẹ̀.

Òjó atukọ̀, ẹni tí ọtí mọ̀ ju ìyá tó bí i lọ, ló kọ́kọ́ wá jókòó.

"Bù mí ní díẹ̀," ló wí.

"Kí ni kí n bù?"

Òjó nawọ́ sí àwọn ìgò. "Ohun tó wà nínú ìyẹn."

"Amọ̀ ló wà nínú ìyẹn."

Òjó fi ìka ka àwọn ìgò náà. "O ti mu ún tán kẹ̀? Àádọ́rin ìgò! Bàbá, mo júbà." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó lọ.

Òjó kì í ṣe ẹni tó ń fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ pamọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìròyìn ti dé àdúgbò Djègan-Kpèvi pé Ramanou aránfìlà ti fi ọtí ṣe omi mímu. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi dé Tokpota, wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a gbé ife. Silifatou gbọ́ ti ara rẹ̀ létí kànga. Ó gbé ìkòkò wálé láìpọn omi.

"Iṣẹ́ tó ní í ṣe nìyí!" ló ń pariwo. "Ogún ọdún! Iṣẹ́ tó ní í ṣe nìyí!"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Ààfáà Mouritala, ẹni tó ń ṣíwájú ìrun ní àdúgbò, fúnra rẹ̀ dé pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì. Àgbàlagbà tó sanra ni, kì í sì í yára bínú, nítorí ìbínú máa ń rẹ̀ ẹ́. Ó wo ìgò, ó wo Ramanou.

"Ramanou, ṣé ìwọ nìkan lo mu gbogbo eléyìí?"

Ramanou dọ̀bálẹ̀. "Ààfáà, ẹ dákun, ẹ tẹ̀ ba, kí ẹ fi ojú kan wo ìlà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí mo bá mu gbogbo wọn, ṣé ó lè tọ́ báyẹn?"

Ààfáà tẹ̀ ba pẹ̀lú ìkérora. Ó di ojú kan. Ìlà náà tọ́ gbọọrọ, ó tọ́ ju ìlà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí bú sẹ́rìn-ín, ó yáa sọ ọ́ di ikọ́.

"Òótọ́ ni," ni Ààfáà wí. "Ọwọ́ ọ̀mùtí kọ́ nìyí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò tẹ̀ ba kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ wá nǹkan fi bo ojú ìgò wọ̀nyí."

Silifatou ló bo ojú wọn. Ó po ẹfun, ó fi kun ìgò kọ̀ọ̀kan, ó kun òpó méjèèjì tó gbé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ró, ó sì kun ìkòkò efínrín náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà funfun báláú. Ramanou wọ ẹ̀wù funfun rẹ̀ kó lè bá a mu, ó jókòó sáàárín, ó kó abẹ́rẹ́ mẹ́ta sẹ́nu bí ìṣe rẹ̀.

Arúgbó kan tó ń jẹ́ Àṣàbí ń ti ọjà bọ̀. Ọbàtálá, òrìṣà aláṣọ funfun, ni wọ́n ń bọ nílé rẹ̀ láti ìran bàbá bàbá rẹ̀. Nígbà tó rí ìkòkò funfun, òpó funfun, àti ọkùnrin aláṣọ funfun tó jókòó tí kò sọ̀rọ̀, ó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Bàbá mi, ọmọ mi ọkùnrin kò fẹ́ gbéyàwó o."

"Hùn," ni Ramanou wí, nítorí abẹ́rẹ́.

"Ẹni ogójì ọdún ni, Bàbá!"

"Hùn-ún!"

"Ṣé ọmọ ẹlẹ́kọ ojúde wa yẹn ni ká lọ tọrọ?"

Ramanou ń juwọ́ pé kó dìde. Arúgbó náà gbà pé ó ń súre fún òun, ó yọ ìgbín mẹ́rin nínú agbọ̀n rẹ̀, ó tò wọ́n síwájú ìkòkò. Kí Ramanou tó yọ abẹ́rẹ́ tán, kó tó ké pé, "Ìyá, fìlà ni mò ń rán o!", ìgbín kan ti gun ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀.

Silifatou sáré jáde, ó ṣàlàyé ohun gbogbo. Àṣàbí fi ìka kan ìgò kan, ó dún gan-in. Ó tún kan òmíràn. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó.

"Ìdí ìgò ni mo kúnlẹ̀ fún!" Ó nu omi ojú. "Ó dáa, rán ọ̀kan fún ọmọ mi. Bóyá fìlà ni kò ní tí kò fi rí ìyàwó." Ó kó ìgbín rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tètè lọ, nítorí ibẹ̀ tutù.

Òjò ọ̀sẹ̀ náà fọ ẹfun kúrò lápá kan. Ramanou fẹ́ tún un kùn, Silifatou ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó rẹ òun. Gbogbo Dowa ti gbọ́ ìtàn náà, kálukú sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹni tó bá wá, ojú a máa tì í láti kàn wò lásán, a ní kí wọ́n wọn orí òun. Ramanou kò ráyè na ẹsẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn oṣù kan, Ààfáà Mouritala tún dé, lọ́tẹ̀ yìí láìsí ẹlẹ́rìí. Ó béèrè àlàáfíà ilé, ó béèrè ti ọmọ, ó ní òjò ń jẹ etí ilẹ̀ ibi tí òun ti ń kọ́ni ní kéwú. Ó wúkọ́.

"Ogójì tó mi. Ìwọ lo mọ ibi tí wọ́n wà."

"Mo mọ̀ ọ́n, Ààfáà, n ó sì júwe rẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ dárí jì mí, n kò ní ru ìgò la ọjà mọ́ láyé mi."

Ààfáà lọ fúnra rẹ̀. Aṣọ méjì ló fi bo agbọ̀n náà kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì ń rọra tẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgò kì í dákẹ́. Láti etí ọ̀sà ni wọ́n ti ń dún gan-in, gan-in, gan-in lórí rẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń jáde sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ kí i pé, "Ẹ kú ẹrù o, Ààfáà!" Ààfáà ń dá wọn lóhùn, kò sì yí ọrùn.